Aró Inú Ìgbín Òkun

Ọ̀tọ̀, Sátidé, 1926

Ẹ̀gbọ́n Sùlè apẹja gbé ìgbín òkun kan sínú igbá wá han ìyá mi lónìí. Kò ní ìkarahun, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ dà bíi ti ehoro. Wọ́n ní àwọn apẹja ń rí i láti Àgbádárìgì dé Kútọnu, ewéko inú òkun ló sì ń jẹ.

Ìyá mi fọwọ́ kàn án, ló bá tu omi aláwọ̀ àlùkò. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti ki gèlè funfun tí mo fẹ́ wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la bọ̀ ọ́. Inú bí mi, àmọ́ mi ò rí irú àwọ̀ yẹn rí.

Lómi àkọ́kọ́ tí a fi ṣan gèlè náà ni àwọ̀ ọ̀hún ṣí.

Ìyá mi ò bínú. "Ewé lèmi náà fi ń ṣe aró, Sùlè, àmọ́ mi ò lè ṣe é láìsí ìkòkò àti eérú. Dá a padà sókun."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí igbá, wọ́n kí ìgbín náà bí a ti ń kí aláró ẹgbẹ́ wọn: "Àrẹdú o."