Má Ki Wáyà Ẹ̀rọ Adàkọ Bọ Iná

Halvard,

Jọ̀ọ́, má ki wáyà ẹ̀rọ adàkọ díìsì tó wà lórí tábìlì padà bọ iná. Èmi ni mo fà á yọ.

Òwú pupa tí mo so mọ́ díìsì tí ohùn Bàbá mi wà nínú rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀, èmi náà ni mo tú u láàárọ̀ yìí. Mò ń sáré, mo sì fi di àpò búrẹ́dì. Mo ti to díìsì márààrún sínú ẹ̀rọ, mo ti tẹ bọ́tìnì, kí n tó rí òwú lára búrẹ́dì. O mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í béèrè. Èyí tó bá wà ní ihò àkọ́kọ́ ló ń dà kọ sórí mẹ́rin yòókù, á sì pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́. Bó bá jẹ́ òfìfo ni mo fi síbẹ̀ ńkọ́?

Yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Má fojú díwọ̀n o. Mo mọ̀ ẹ́.

Màmá pè bí mo ṣe ń wọ bàtà. "Ṣé ẹ ti dà á kọ tán? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bọ̀ wá gba tiwọn lọ́la. Bàbá yín ò gbọdọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì o."

Mo ní a ti ṣe tán.

Tí o bá gbọ́ ohùn Bàbá, pè mí; màá ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn. Tí o ò bá gbọ́ ọ, má pè. Wá dúró dè mí ní èbúté ní aago mẹ́rin.

Sigrunn