Ọpọlọ Kẹta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ
Ọmọ-ọmọ mi ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ. Kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi o, má tún un ṣe.
Oníná ti dé — àbíkẹ́yìn mi, ìyá akọ̀wé yìí. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ iná mọ́tò ti gbé ìdánwò fún un. Ọkọ̀ pupa kékeré kan, gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀ ò gòkè mọ́. Wọ́n ní ọpọlọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, àpótí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó ń pàṣẹ fún ọkọ̀. Kí Oníná wá gbogbo ẹ̀ jáde láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Tó bá rí i, ó gbòmìnira. Tí ò bá rí i, ọdún kan sí i.
Ọpọlọ mẹ́ta! Ẹyọ kan péré tèmi, mo ń wá a kiri láràárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Akọ̀wé ka tàná fún mi. Kò fi àmì ohùn sí i, ló bá kà á pé "ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ẹ̀ bọ́ nídìí mi.
Oníná ti rí méjì. Ti ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Èkejì, láàárín ìjókòó iwájú, lábẹ́ bíréèkì tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Ó ku èyí tó ń pàṣẹ fún ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Kò rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Ó tú ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kówèé ọkọ̀ sí — òfo. Kò jẹun àárọ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn yẹn, orúnkún yìí — mo bá wọnú ọkọ̀ pupa, mo jókòó síwájú, mo bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ mi tutù! Mo ní, "Ta ló da omi sórí rọ́ọ̀gì olówó-olówó?"
Oníná sáré dé. Ó fà mí jáde bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó ká rọ́ọ̀gì. Ọpọlọ kẹta rèé, ó sùn sínú omi bí ọ̀pọ̀lọ́ lóòótọ́!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ọmọ mi ò mọ irọ́ pa. Ó lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹsẹ̀ ìyá òun ló rí i. Mo ní, "Ta ló bi ọ́?" Ó ní, "Màámi, wọ́n ní kí n dá a wá ni." Ọ̀gá ní kó padà wá lọ́la.
Èmi àti ẹsẹ̀ mi ò bára wa sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Ó wọlé tẹkúntẹkún. Ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dìde, mò ń wá gèlè, ìjà dé — ó dì mọ́ mi. Ó ní bí wọ́n ṣe gbà á tán ni wọ́n sọ pé: "Ẹsẹ̀ màmá rí omi. Ìwọ lo rí ọpọlọ. Ẹni tó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣe?"