Mo Ní Mi Ò Mọ Àmọ̀pé

Alabar, Kúmásì.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Mọ́láyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Àkrá, mo kí ọ kú ìdúró de ọkọ̀. Ṣé ò ń jẹun dáadáa, àbí tíì àti bisikíìtì náà ni o ṣì ń pè ní oúnjẹ? Ojú tí o fi ń wo iná kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní ṣú. Ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rí àánú gbà, wọn kò ní gbàgbé rẹ síta. Àmín. Àwa níhìn-ín wà, a dúpẹ́, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ dìde.

Lẹ́tà ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, kì í ṣe fóìsì, nítorí bí mo bá ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, Zùlàíkhà tó ń gbé yàrá kejì ló máa ń dá mi lóhùn kí ìwọ tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan ojú-ìwé tí o ṣe fún ọṣẹ mi sínú fóònù. Oníbàárà tí ìbá máa ra igba ọṣẹ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù wá mi wálé, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹjọ́ náà pín sí méjì, ìdajì tèmi, ìdajì tìrẹ, àmọ́ ìwọ nìkan lo lè tún un ṣe. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé.

Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, èèpo kòkó tí mo ń sun fún eérú ọṣẹ kò tètè gbẹ, orí páànù ilé ìdáná ni mo ń sá a sí báyìí. Onílé ti kun iwájú ilé ní àwọ̀ ewé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fara tì í, gbogbo wa sì ti fara tì í. Adìyẹ Zùlàíkhà pa ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ló kù, ológbò kan sì wà tí kò fẹ́ wò wá lójú mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí mo bi ọ́ pé kí ni ò ń ṣe gan-an l'Ákrá, o fi fóìsì mẹ́rin ránṣẹ́, mo gbọ́ wọn lágbọ́túngbọ́ bí mo ti ń ro ọṣẹ, ó sì dùn mọ́ mi ju bí o ṣe rò lọ. O ní àwọn kan ń ṣe egungun ojú-ìwé, ìwọ ló ń wọ egungun náà láṣọ, aṣọ ọ̀hún ló ń jẹ́ CSS, àti pé aṣọ tuntun ń jáde lọ́dọọdún. Ìyẹn yé mi. O ní tẹ́lẹ̀, fífẹ̀ fóònù ni gbogbo nǹkan tó wà lójú-ìwé ń wò kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ní báyìí, kálukú lè wo fífẹ̀ yàrá tí wọ́n fi í sí. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, kí ẹni tó ṣe é wá ṣe é fún Zùlàíkhà, torí fífẹ̀ ilé ló wò tó fi ra bẹ́ẹ̀dì, kò wo ti yàrá, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di òní, àwa ni à ń fi orúnkún gbá a.

O tún ní bíráósà ni fèrèsé tí èèyàn ń gbà wo ojú-ìwé, pé fèrèsé náà pọ̀, olówó kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àti pé bí aṣọ tuntun bá jáde, èèyàn ò gbọdọ̀ gbára lé e tán títí gbogbo wọn yóò fi gbà á wọlé. Bí ìpàdé ẹbí ló ṣe rí létí mi, àgbà kan a máa wà ṣáá tí kì í tètè dé. Mo bi ọ́ pé èwo nínú wọn ló máa ń pẹ́, kí ló sì ń dá a dúró, ẹ̀rín nìkan lo rín. Mo ṣì ń retí èsì.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti òbí àti ọmọ. O ní nǹkan máa ń wà nínú nǹkan lójú-ìwé, tí òde ni òbí, tí inú ni ọmọ. O ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, wọ́n lè wọ ọmọ láṣọ nítorí òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè wọ òbí láṣọ nítorí ọmọ tó wà nínú rẹ̀, pé ogún ọdún ni ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é fún yín. Mo ní ogún ọdún kẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò wá béèrè ní Alabar? Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni wọ́n bọ́ orúkọ tèmi sílẹ̀ lára mi, Ìyá Mọ́láyọ̀ lẹ́nu àwọn ará wa, Maame Mọ́láyọ̀ lẹ́nu àwọn Àṣáńtì, kò sẹ́ni tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bíráósà kankan. Mo wá bi ọ́ pé bí ọmọ bá jáde kúrò nínú òbí ńkọ́? O ní aṣọ náà á bọ́ lójú ẹsẹ̀, òbí á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, eérú ti bò mí dé ìpéǹpéjú, ni takisí kan dúró níwájú ilé. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó múra dáadáa, ó di fóònù mú bí ẹni gbé ẹyin. Ó kí Zùlàíkhà ní Twi, ó ní òun ń wá Àmọ̀pé tó ń ṣe alata samina, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe ọṣẹ dúdú àwa Yorùbá. Zùlàíkhà ní ọdún kẹtàlá òun rèé nínú ilé yìí, kò sí Àmọ̀pé kankan níbẹ̀. Tèslìmù ọkọ rẹ̀ yọjú, ó ní òun mọ gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò, àfi bí Àmọ̀pé bá ti kú kí àwọn tó kó dé. Ni wọ́n bá pè mí. Mo nu ọwọ́, mo jáde, mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ orúkọ náà, mo wo obìnrin yẹn lójú, mo ní rárá o, mi ò mọ Àmọ̀pé.

Mo ní tó bá jẹ́ ọṣẹ ló ń wá, Maame Mọ́láyọ̀ ló ń ṣe é níhìn-ín, èmi sì ni. Ó ní ti Àmọ̀pé ni òun fẹ́, pé wọ́n ti ta ayédèrú fún òun rí, ẹni tó bá ń pààrọ̀ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, òun kì í bá a dòwò pọ̀. Ó na fóònù sí mi, mo rí àwòrán ọṣẹ kan tó ń dán ju tèmi lọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ ibi kékeré kan tí wọ́n kọ pé kí èèyàn tẹ̀ kó lè rí nọ́ńbà, ó tẹ̀ ẹ́ títí, nọ́ńbà ò jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sìn ín dé ojú títì, mo júwe ọ̀nà Asafo fún un, mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà nídìí ibùdókọ̀, mo tún ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí Àmọ̀pé. Ìgbà tó lọ tán ni Zùlàíkhà tó sọ pé obìnrin náà ní òun ń kọ́ ogójì ọmọ níṣẹ́ irun ṣíṣe ní Bantama, pé igba ọṣẹ ni wọ́n ń lò lóṣù.

Lọ́jọ́ yẹn náà, Tèslìmù, ìwọ náà mọ̀ pé fóònù ló ń tún ṣe, bi mí bóyá o fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Mo ní o fi ìlà búlúù kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò fọwọ́ kàn án, torí ìwọ fúnra rẹ lo kìlọ̀ fún mi nígbà kan pé gbogbo ohun tó bá jẹ́ búlúù nínú fóònù, olè ló wà nídìí rẹ̀. Ó ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Ọṣẹ mẹ́fà jáde, ó dára púpọ̀, àmọ́ bó ṣe ń fi ìka fa ojú-ìwé sókè ni ọṣẹ ń kéré, ó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́, mo ní kó yé fà á, ṣé ó fẹ́ lo ọṣẹ mi tán ni! Ó ní àṣà tuntun ni, pé bí ìka bá ti ń rìn ni àwòrán ń rìn, ó fà á padà sísàlẹ̀, ọṣẹ sì padà wá. Mo kà wọ́n, mẹ́fà pé, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ló ka àdírẹ́sì ilé wa tó wà nísàlẹ̀ wọn, àti orúkọ tó wà lókè wọn, Àmọ̀pé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Zùlàíkhà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omi lójú mi. Mọ́láyọ̀, ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Orúkọ oríkì ni, ẹnu ìyá ló ń gbé, láti ọjọ́ tí a ti sin ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún kejìlélógún rèé, kò sí ẹnu tó tún pè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún ọ, o kéré gan-an nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé o tọ́jú rẹ̀. Ó dùn mí pé wọ́n fi orúkọ yẹn wá mi wálé tí mo sì ní mi ò mọ̀ ọ́n, lójú gbogbo àdúgbò. Ó sì dùn mọ́ mi pé o kọ ọ́.

Lánàá mo di ọṣẹ mẹ́fà sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Bantama, mo ń béèrè obìnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ irun. Wọ́n ní ta ni orúkọ rẹ̀? Mi ò béèrè. Ilé onírun mọ́kànlá ni mo yọjú sí, kò sí i níbẹ̀, orúnkún mi ló bá mi délé. Ojú-ìwé rẹ nìkan ni obìnrin yẹn mọ̀, ibẹ̀ nìkan ló lè padà sí.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, kọ Ìyá Mọ́láyọ̀ síbẹ̀ gàdàgbà, kó o kọ Maame Mọ́láyọ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ̀pé, má pa á rẹ́, fi í sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Èkejì, nọ́ńbà mi. Ó jáde lórí fóònù Tèslìmù, kò jáde lórí tèmi. Ó ní o so ó mọ́ ibi títẹ̀ yẹn bí ẹní so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ibi tí èèkàn bá wà ni ewúrẹ́ á wà, pé àṣà tuntun ni, àti pé fèrèsé inú fóònù àtijọ́ ò mọ okùn náà, ewúrẹ́ bá já lọ sẹ́yìn àwòrán. Ọmọ mi, aṣọ tí gbogbo àgbà ò tíì fọwọ́ sí, fi ṣe ẹ̀ṣọ́, má fi gbé nọ́ńbà ìyá rẹ. Kọ ọ́ sí gbangba. Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà pẹ̀lú, kí n lè máa wo ojú-ìwé náà láàárọ̀ bóyá ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn, bó bá sì kù díẹ̀ lára rẹ̀, màá fi ra àdín. Yaw tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Asafo ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, fún un lómi mu.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àbọ̀ rẹ bó ṣe ṣọ́ àlọ rẹ. Iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe yóò ṣí sójú gbogbo fèrèsé, ti tuntun àti ti àtijọ́.

Ó ku ẹyọ kan. O ní bí ọmọ bá jáde, aṣọ á bọ́ lára òbí. Kò bọ́ ní Alabar o. Ó di ọdún méjì tí o ti wá sílé kẹ́yìn, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n á ti máa pe Mọ́láyọ̀, Mọ́láyọ̀, lẹ́nu ọ̀nà wa, èmi ni mo sì ń dáhùn. Wá sílé ní ọjọ́ kan, kí wọ́n pè é, kí ìwọ dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmọ̀pé. Mo mọ̀ ọ́n.