Yanrìn Kànga Wa Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀rọ Yín

Titirou, Parakou

Ọmọ́yẹmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnu? Ṣé ara le, ṣé ìwé ń yé ọ? Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn tí ẹ jọ ń kàwé. Mẹ́tìrì Abraham, olùkọ́ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní kàmáráàdì ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ìjọba wí. Mo ní n kò lè pe ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ní kàmáráàdì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ohun tí mo wí.

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi sì ń dùn débi pé n kò lè jókòó. Kànga wa gbẹ, Gàní tó jẹ́ aṣojú ìjọba ládùúgbò wá lọ yá pọ́ńpù. Ó ní àwọn yóò fi agbára ti omi wọnú yanrìn ìsàlẹ̀ kí ojú ìsun tó dí lè là, bàbá rẹ ni yóò sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí yóò di páìpù mú. Ó ti ń so okùn mọ́ ìbàdí nígbà tí Mẹ́tìrì ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti ní bí a bá rọra da omi sí yanrìn, yóò mu ún, ṣùgbọ́n bí a bá fi ipá tì í wọlé, yanrìn náà á ya, àti pé ẹ̀rọ ọ̀dínatọ̀ yín tó ń fi nọ́ńbà ṣírò lè fi ibi tí yóò ti ya hàn kí ó tó ya. Mo sáré jáde, mo lọ jókòó sẹ́nu kànga, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní wọ ibẹ̀ títí ọmọ mi yóò fi kọ́kọ́ ya á wò nínú ẹ̀rọ ní Kútọnu. Gàní ní Rẹfolúsíọ̀nù kì í dúró de obìnrin. Mo ní kí Rẹfolúsíọ̀nù wọ kànga kó lọ di páìpù mú. Ó wá gbà láti dúró de èsì rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. O ní nọ́ńbà lẹ fi ń ṣe yanrìn, nọ́ńbà náà lẹ fi ń ṣe omi. Ṣé a ò ní yanrìn nílé ni? Mo ti di ti kànga wa, èyí tí wọ́n ti gbẹ́ jáde tẹ́lẹ̀, sínú àpò gààrí, tòkè, tàárín, tìsàlẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo so wọ́n, mo fi ìgò omi rẹ̀ kan tó kù nínú àmù tì í, ó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ti jọ̀ ọ́, kò sí òkúta tí yóò kán eyín ẹ̀rọ yín. Sọ fún ọ̀gá yín kó má dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bó bá sì fẹ́ ya, jọ̀wọ́, má dúró nítòsí.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi ra okùn tuntun fún bàbá rẹ, èyí tó ní ti gbó. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò dára.

Èmi ìyá rẹ,
Àràmọ́tù

Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ló fi orí ara rẹ̀ ru àpò náà lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ.