Ọrùn Kóòtù Gògóńgò

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹrin, 1957

Ganiatou ti Ouando dé pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní wọ́n ń sọ lọ́jà pé Gògóńgò máa bá wa wọ ìjọba tuntun. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, ìyàwó mi, ààwẹ̀ ti ń pa àwọn ará ọjà, ebi ti ń jẹ́ kí wọ́n máa rí ohun tí kò sí.

Gògóńgò kẹ̀! Ògúnbíyìí, olórí ẹgbẹ́ Ọkọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọrùn rẹ̀ gùn, gògóńgò rẹ̀ a sì máa lọ sókè sódò bó bá ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni mí, ọrùn èèyàn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló ti gba orúkọ náà lẹ́nu mi. Àwa ẹgbẹ́ Àtùpà la borí wọn nínú ìdìbò. Kí ló wá fẹ́ ṣe nílé ẹni tó nà án?

Ọ̀rọ̀ ọjà. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi yìí, kí n lè fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 30

Òótọ́ ni o.

Òótọ́ ni! Olórí wa, Mùsíé Désiré Oyèkànmí — Ẹnu-Oyin ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kó má gbọ́ — pè wá jọ sí àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní a borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn méjì péré la fi jù wọ́n lọ nílé ìgbìmọ̀. Bí ẹni méjì bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan, ìjọba ti dojú dé. Ó ní ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí. Ó ní òun ti fún Ògúnbíyìí ní àga kan nínú ìjọba.

Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn tó ń kọrin èébú sí ọkùnrin yìí lóṣù tó kọjá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀. Èmi ni mo dìde. Mo ní: ojú Mouritala ńkọ́?

Ẹnu-Oyin ní, Akambi, mo mọ̀, gbogbo wa la mọ̀, ṣáà gbà á mọ́ra.

Gbà á mọ́ra! Bí ẹni pé ẹ̀fọn ló jẹ àbúrò mi.

Ọjọ́rú, 1 oṣù karùn-ún

Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo kírun. Mi ò lè jẹ ẹran.

Ọjọ́bọ̀, 2

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé yìí jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ méje gééré lónìí.

Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ ń ṣe ìpàdé lọ́jà Ouando. Àwa náà lọ ṣe tiwa níwájú wọn gan-an — ṣé ọjà bàbá wọn ni? Ta ló kọ́kọ́ sọ òkò? Àwọn ni. Wọ́n ní àwa ni. Mo gbọ́ ariwo láti ṣọ́ọ̀bù mi, mo sáré jáde bí mo ṣe wà, okùn ìwọ̀n lọ́rùn, irin ìka lọ́wọ́ — irin kékeré tí aránṣọ ń fi ti abẹ́rẹ́, mi ò tilẹ̀ rántí yọ ọ́. Mo sọ òkò títí apá fi ro mí. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé tèmi.

Mouritala kò wá jà ní tirẹ̀. Nimatou, ọmọ àbúrò ìyá wa, ló wà láàárín ọjà pẹ̀lú agbada àkàrà lórí iná. Mouritala lọ fà á jáde. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, a bá a nílẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Dókítà ní ojú náà ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òun ló ń ṣe ihò bọ́tìnnì fún mi, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tirẹ̀ láti ibí dé Adjarra.

Láti ọjọ́ náà agbo ilé wa kì í kí ará Ọkọ̀. "Ẹ kú àárọ̀" lásán, rárá. A kì í bá wọn sọmọ lórúkọ, a kì í bá wọn sin òkú, a kì í pọn omi kànga wọn. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wa gan-an, Ganiatou sì ń rìn jìnnà kó tó rí omi pọn, nítorí ẹni tó gbẹ́ ẹ di ìbò fún Ọkọ̀.

Ẹnu-Oyin fúnra rẹ̀ ló mú Mouritala gun tábìlì káàkiri àdúgbò, aṣọ funfun lójú. Ẹ wo ohun tí Ògúnbíyìí ṣe! Àwọn ìyá sunkún. Ojú yẹn la fi wọlé. Ẹ̀yin ará, ojú yẹn la fi wọlé!

Àbámẹ́ta, 4

Wọ́n ti sọ mí di kí ni ná?

Ẹnu-Oyin wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú aṣọ funfun lábẹ́ apá, aṣọ gidi, irú èyí tí Gómìnà ń wọ̀. Mo rò pé tirẹ̀ ni. Inú mi ti ń dùn. Ó ní, Akambi, kóòtù ni mo fẹ́ kó o fi rán, fún Ògúnbíyìí, ọjọ́ kejìdínlógún la máa gba ìjọba.

Mo wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó jókòó, ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé: àwọn èèyàn wa ò tíì gba ọ̀rọ̀ yìí tọkàntọkàn, wọ́n ń kùn ní Akpro-Missérété, wọ́n ń kùn ní Ouando. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n Mouritala ló rán kóòtù tí ọkùnrin náà wọ̀, ta ló tún lẹ́nu àtibínú?

Mo ní rárá. Mo ní kó gbé aṣọ rẹ̀. Ó dìde, ó kí Ganiatou dáadáa, ó lọ. Aṣọ náà wà lórí ẹ̀rọ mi títí di ìsinsìnyí. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Mo sọ fún Mouritala. Kí n jẹ́wọ́: mo fẹ́ kó bínú. Mo fẹ́ kó ké, kó fọ́ nǹkan, kí n lè gbé aṣọ náà padà kí n sì sọ pé ẹni tó lojú ò gbà.

Ó ń fi ìka tẹ etí aṣọ náà wò. Ó ní aṣọ yìí dára o. Ó ní, Fòfó — bó ṣe ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn — ẹ rán an.

Mo ní ṣé o gbọ́ ẹni tí mo ní a fẹ́ rán an fún? Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun máa ṣe ihò bọ́tìnnì rẹ̀, ojú kan tó.

Orí mi fò lọ. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mi ò rí ẹni tó ń kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ganiatou ní bí àwọn ọ̀gá bá ti parí ìjà tiwọn, ṣé òun lè padà máa pọn omi lẹ́yìnkùlé báyìí? Mo pariwo mọ́ ọn. Ó gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó sì lọ sọ́nà jíjìn.

Ọjọ́rú, 8

Ó wá. Gògóńgò wọ ilé mi, láàárọ̀, òun nìkan, láìsí ọmọ ẹ̀yìn kankan.

Mi ò kí i. Mo fa okùn ìwọ̀n yọ. Èjìká, àyà, apá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá sókè. Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Nígbà tí mo yí okùn ká ọrùn rẹ̀, gògóńgò náà gbéra lábẹ́ ìka mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fà á díẹ̀ sí i . . . Astagafurulahi. Mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní, Akambi, mi ò wá bẹ̀ ọ́, nítorí ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun wà lórí àga lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ òun wà lẹ́yìn òun, òkò tó ba àbúrò mi sì ti iwájú wá. Òun ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, òun ti sọ ọ́ fún Oyèkànmí, wọn ò gbọ́.

Mo ní, Bàbá, ẹ ti dé ipò tẹ́ ẹ fẹ́, irọ́ ò tún pọndandan mọ́.

Mouritala sì jáde láti inú yàrá. Kí ni mo rí? Ó dọ̀bálẹ̀ fún un! Gbalaja nílẹ̀! Ọkùnrin náà yára gbé e dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé fìlà, ó lọ.

Mo bi Mouritala pé ṣé orí rẹ pé? Ó ní àgbà ni, Fòfó.

Àbámẹ́ta, 11

Mo ti gé aṣọ náà. Mo gé apá dáadáa, mo gé ẹ̀yìn dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rí àṣìṣe.

Ọrùn ni. Mo fi ìka méjì dín in kù.

Kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, kó de bọ́tìnnì òkè níwájú Gómìnà, kó dìde sọ̀rọ̀, kí ohùn má lè jáde. Kó máa pọ́n bí ata. Kí gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ẹnu-Oyin ní kí n gbà á mọ́ra — mo ti gbà á mọ́ra nìyẹn. Àwọn olóṣèlú ní àrékérekè tiwọn, èmi náà ní sísọ́ọ̀sì.

Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti parí.

Ìṣẹ́gun, 14

Kóòtù ti wà lọ́wọ́ Mouritala. Ó ń ṣe ihò bọ́tìnnì. Ó máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó kù lè rí i. Ìgbà mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ gún un, kò ṣe ẹ̀ẹ́. Mi ò lè wò ó pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

Ní ọ̀sán yìí ó pè mí. Kóòtù wà lórí itan rẹ̀, ó ti dé ihò òkè pátápátá. Ó ní, Fòfó, ọrùn yìí kéré. Mo ní bóyá ni. Ó ní rárá, òun ti fi ìka wọ̀n ọ́n, òun sì ti wo iye tí mo kọ sínú ìwé, ìka méjì ni mo fi dín in. Ó ní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ kì í ṣi ọrùn wọ̀n.

Ni mo bá tú u síta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣé ojú rẹ kò tó ìka méjì ni? Mo sọ̀rọ̀ títí, mo ń pariwo.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, ẹ tú ọrùn yìí, Fòfó. Ọkùnrin yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ó ní nígbà tí òun dé ọ̀dọ̀ Nimatou, òun ti wọ àárín àwọn ará Ọkọ̀ kí òun tó mọ̀. Òun fà á dìde, òun gbójú sókè láti wá ọ̀nà. Òun rí èmi. Ó ní ohun kan kọ mànà lọ́wọ́ mi nínú oòrùn kí òkò náà tó dé. Irin ìka. Ó ní nínú gbogbo ọjà Ouando lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló fi irin ìka jà.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kó búra. Ó búra.

Lá ìláhà ílà Láhù! Èmi! Ọwọ́ mi yìí!

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní nígbà tí òun lajú nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun lòun ti bá mi, mò ń sunkún, mò ń bú Gògóńgò. Bí òun bá sọ ọ́, ojú òun ò ní padà, èmi náà ò sì ní lè mú abẹ́rẹ́ mọ́. Ojú kan ti lọ nílé aránṣọ, ṣé kí ọwọ́ náà tún lọ ni? Lẹ́yìn náà Ẹnu-Oyin dé pẹ̀lú tábìlì rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá agbára òun. Ó ní ojoojúmọ́ ni ìtìjú ọkùnrin yẹn ń pa òun, ìdí tí òun fi dọ̀bálẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé kóòtù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, aṣọ funfun ti tán, ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo tú ọrùn náà. Mo gbé kóòtù funfun tèmi, èyí tí mo rán sílẹ̀ láti fi yọ̀ lọ́jọ́ ìjọba wa, mo gé e, mo fi rán ọrùn tuntun fún un. Funfun méjèèjì ò bára mu tán. Aránṣọ nìkan ló lè rí i.

Mo ní kí Ganiatou máa pọn omi lẹ́yìnkùlé. Ó bi mí pé ṣé ara mi yá. Mo bá a gbé ìkòkò omi rẹ̀ jáde.

Àbámẹ́ta, 18

Mo fẹ́ sọ ọ́. Kí ìwé yìí mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gbé kóòtù lọ fún un láàárọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo la ẹnu, ilé sì kún fún èèyàn tó ń kí i kú oríire. Ó ní, Akambi, dìde, a ti parí ẹ̀. Wọ́n fà á lọ.

Kóòtù náà bá a mu. Ó de bọ́tìnnì òkè, ó sọ̀rọ̀ níwájú Gómìnà, ohùn rẹ̀ já gaara. Mo dúró láàárín èrò nínú dàńṣíkí àtijọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ẹnu-Oyin rí mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó ní, ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n Mouritala rèé, ọwọ́ tó rán kóòtù Ògúnbíyìí rèé, ta ló ní ẹ̀dùn tó ju tirẹ̀ lọ? Bí òun bá lè dárí jì, ta ni kò lè dárí jì?

Àtùpà hó. Ọkọ̀ hó. Gbogbo Àjàṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo dárí jì. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mouritala náà ń pàtẹ́wọ́.