Àyè Funfun Inú Àwòrán Ìyá Ìjọ Maeng Ok-sim (1934–2019)

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1934 ni a bí Ìyá Ìjọ Maeng Ok-sim ní ìlú Ganggyeong ní ilẹ̀ Kòríà, sínú ilé Ọ̀gbẹ́ni Maeng Chil-bok, tí gbogbo ọjà mọ̀ mọ́ edé oníyọ̀, àti Ìyáàfin Tak Bun-rye, obìnrin orin àti àdúrà. Ilé-ìwé àwọn oníhìnrere ni wọ́n fi í sí. Bíbélì ló fi kọ́ ìwé kíkà, etí ìwé orin ló sì ti kọ́kọ́ ya ẹyẹ.

Ogun ọdún 1950 gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò gba ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ní 1956, ó fẹ́ Díákónì Pyo Jong-man, ó sì bá a lọ sí ilé àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ní Seoul, lẹ́sẹ̀ òkè Inwang. Abẹ̀bẹ̀ pépà ni Ìyá ń kùn tà, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí Seong-hui jẹ́ àkọ́bí wọn.

Ní 1968, ìjọba kéde pé wọn yóò wó àdúgbò náà, kí wọ́n lè kọ́ ilé gogoro síbẹ̀. Ìyá na aṣọ funfun ńlá kan sórí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ilé àtijọ́ náà láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú òrùlé amọ̀ wọn àti ìkòkò tó tò sẹ́yìnkùlé. Aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Gu-sik, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Seong-hui, òrùlé mi ń jò! Ẹ kúkú fi ọ̀dà yín bá mi dí i.”

Ìyá a ní: “Ẹ rọra o, kí n má baà ya ẹnu yín mọ́ ọn.”

Ilé tirẹ̀ ló fi sẹ́yìn. Ó ní: “Ilé tí mò ń gbé, ṣé ó tún di dandan kí n wò ó ni?” Àmọ́ katapílà dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí Ìyá jókòó láti ya ilé náà láti inú ọpọlọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó mọ ilẹ̀kùn gbogbo ènìyàn. Kò rántí tirẹ̀. Àyè rẹ̀ wà ní funfun láàárín àwòrán náà fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ.

Ilé ìjọsìn ni a gbé àwòrán náà kọ́ sí. Ní àsìkò àjọ̀dún ìkórè, tí olúkúlùkù ń lọ sílé bàbá rẹ̀, àwọn tí a wó ilé bàbá wọn a máa wá síwájú rẹ̀, wọn a nawọ́ sí ilé wọn han àwọn ọmọ ọmọ, wọn a sì gbàdúrà. Ìyá nìkan ni kò rí ibi tí yóò nawọ́ sí.

Ní àjọ̀dún ọdún 2011, Ìyá Gu-sik fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. “Ìyá Seong-hui, kí lẹ ń wá kiri? Ṣebí iwájú ilé yín ni mò ń gbà lọ pọnmi! Ilẹ̀kùn yín tẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Ọkọ yín ló kàn án, kò sì mọ iṣẹ́ káfíńtà!” Ẹ̀rín sọ. Ẹlòmíràn rántí fèrèsé, ẹlòmíràn rántí àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ń gbẹ lórí okùn. Ìyá sunkún, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀dà wá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àjíǹde, ilé rẹ̀ ti wà láàárín ilé àwọn ará rẹ̀, tòun ti ilẹ̀kùn wíwọ́ rẹ̀. Ìjọ hó ìhó ayọ̀.

Ìyá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó fi Seong-hui, Seong-u àti Seong-ran sáyé, pẹ̀lú ọmọ ọmọ méje, àti Ìyá Gu-sik, tó ní dandan ni kí a kọ orúkọ òun náà sí i.

Ìyá wa, ilé tí Jésù lọ pèsè, katapílà kankan kò lè dé ibẹ̀. Ẹ sùn ire nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ wò ó dáadáa.