Gbèsè ààwẹ̀ Fàtímọ́

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Fàtímọ́ tún gbààwẹ̀ lónìí. Ó ní gbèsè Ràmàdáánì lòun ń san, àwọn ọjọ́ tí òun ò lè gbà á torí nǹkan oṣù. Inú mi sì ti ń dùn pé ọmọ mi fẹ́ràn ẹ̀sìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tá a fẹ́ ṣínu, dàbínù kan péré ló fi sẹ́nu. Mo bu ìrẹsì fún un. Ó ya ìrẹsì náà ní fótò, fóònù sọ iye kálórì tó wà níbẹ̀ fún un, ló bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mọ́mì, ó ti pọ̀ jù."

"Ó pọ̀ jù fún ta ni?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Láàárọ̀ òní, aládùúgbò wa kan dá wa dúró ní géètì: "Ìyá Fàtímọ́, ọmọ yín ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ti ní ṣépù o! Ẹ ní kó kọ́ àwa náà." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo kó aṣọ rẹ̀ tó ti gbẹ lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Páàdì tí mo rà fún un kí Ràmàdáánì tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò tú u rárá.

Kò rí nǹkan oṣù kankan. Kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ kankan.

Kì í ṣe Ọlọ́run ni ọmọ mi ń gbààwẹ̀ fún.

Ọsibítù la máa jí lọ lọ́la, kódà kó sunkún. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀ tó ń fò sókè, tó ń balẹ̀. Gbì. Gbì. Dàbínù kan péré yẹn ló fẹ́ fi fífò lé kúrò lára.